Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn ti sùn, bátìrì sì ń tán lóru

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Linux ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù mi, Intel ni CPU rẹ̀, 48 Wh ni wọ́n kọ sára bátìrì rẹ̀. Tí mo bá pa á dé ní aago 11 alẹ́ tí bátìrì wà ní 96%, 51% ni mo máa ń bá a ní aago 7 àárọ̀. Bẹ́ẹ̀, iná kì í sábà wà ládùúgbò wa láàárọ̀, bátìrì yẹn ni mo gbójú lé títí di ọ̀sán. Mo ti fi dírẹ́bà ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kámẹ́rà sínú blacklist (àkọsílẹ̀ àwọn dírẹ́bà tí Linux kò gbọdọ̀ lò), nítorí n kì í lò ó, mo rò pé ìyẹn á dín iná kù. Nígbà tí kò yí padà, mo tan device_pm_callback_start àti device_pm_callback_end nínú ftrace (irinṣẹ́ tó ń kọ ohun tí kernel, ọkàn Linux, ń ṣe sílẹ̀), mo mú kó sùn, mo jí i. Ìlà tó lé ní 2,000 ló kọ, gbogbo rẹ̀ pátá ló ní err=0. Ṣé kernel ń parọ́ fún mi ni? Tí mo bá ka /sys/power/mem_sleep, [s2idle], irú oorun kan ṣoṣo, nìkan ló ń gbé jáde. Mo fi ìlà mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín kí ẹ bá mi wò ó."

device_pm_callback_start: nvme 0000:01:00.0, parent: 0000:00:1d.0, noirq bus [suspend]
device_pm_callback_end: nvme 0000:01:00.0, err=0
device_pm_callback_start: pci 0000:02:00.0, parent: 0000:00:1c.0, noirq bus [suspend]
device_pm_callback_end: pci 0000:02:00.0, err=0

Ìdáhùn:

Kernel kò parọ́ fún ọ, àbúrò. Ohun tí o bi í ló dá ọ lóhùn. O bi í pé, "Ta lo pè, kí ló sì wí?" Ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn ni pé, "Ta ni kò sùn?" Ìbéèrè méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n àárín wọn gan-an ni iná bátìrì rẹ ń gbà jò lọ. Nínú ìlà mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́, mo ti rí ẹni tí mo fura sí. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ná.

Yọ 51 kúrò nínú 96, ó ku 45. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún 48 Wh jẹ́ 21.6 Wh. Pín in sí wákàtí 8, wáàtì 2.7 ni. Láptọ́ọ̀pù tó sùn dáadáa kò yẹ kó máa jẹ tó wáàtì 1. Kódà kí bátìrì rẹ ti gbó débi pé ìdajì agbára rẹ̀ ló kù, wáàtì 1.35 ṣì ni. Èyí kì í ṣe oorun. Ẹni tó pajú dé, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀ ni. Nítorí náà, má tíì lọ ra bátìrì tuntun.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí o tàn yẹn, ọdún 2014 ni wọ́n wọ inú kernel, ọwọ́ Todd Brandt ní Intel ni wọ́n ti wá. Ohun tó ń wá nígbà náà ni àkókò: ẹ̀yà wo ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pẹ́ kó tó sùn tàbí kó tó jí? Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń kọ ìgbà tí ìpè bẹ̀rẹ̀, tí èkejì ń kọ ìgbà tí ó parí pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹni tí a pè dá padà. Òdo túmọ̀ sí pé, "Mo gbọ́, n kò ní ẹ̀sùn." Kò sí ibì kankan nínú ìlà náà tí wọ́n ti wọn iná. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ dírẹ́bà nìkan sì ni trace rẹ gbọ́. (Dírẹ́bà inú kernel, tó ń darí ẹ̀yà ẹ̀rọ, ni mò ń wí o, kì í ṣe ti dánfó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "kò sí wàhálà".)

Èmi náà ti ṣubú sínú kòtò yìí rí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni mo rà, òun náà ń jẹ bátìrì lóru. Mo fi sleepgraph yà á, irinṣẹ́ tó wà nínú kernel fúnra rẹ̀ ní tools/power/pm-graph, tó máa ń sọ trace di àwòrán. Nínú àwòrán náà, ọ̀pá Wi-Fi ló gùn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ olè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá Wi-Fi jà: mo pààrọ̀ dírẹ́bà, mo pààrọ̀ firmware (ètò tó wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀), mo tilẹ̀ yọ káàdì náà jáde, bátìrì ṣì ń tán. Ọ̀pá gígùn túmọ̀ sí pé ẹ̀yà náà pẹ́ kó tó sùn, ó tán. Ẹni tó pẹ́ kó tó sùn lè sùn bí òkú. Ẹni tó ń jẹ iná mi ni káàdì 4G kan tí n kò tilẹ̀ rántí pé ó wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀pá rẹ̀ kúrú débi pé ojú kò rí i. Kò ní dírẹ́bà kankan.

Bọ́ sí ìlà tìrẹ wàyí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì méjì ni kí o wò. Nínú ìlà kìíní, nvme ló wà níbẹ̀, orúkọ dírẹ́bà dísìkì nìyẹn. Nínú ìlà kẹta, pci ni. Kò sí dírẹ́bà tó ń jẹ́ pci. Bí kernel bá fẹ́ kọ orúkọ dírẹ́bà ẹ̀yà kan tí kò rí ọ̀kankan, orúkọ bọ́ọ̀sì (ọ̀nà tí ẹ̀yà ń gbà bá CPU sọ̀rọ̀) tí ẹ̀yà náà wà lórí rẹ̀ ló máa ń fi dí àlàfo. Ìyẹn ni pé 0000:02:00.0 jẹ́ ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, mo sì lè fi owó lé e pé ẹ̀rọ tó ń ka káàdì ni. Ìwọ lo lé alágbàtọ́ rẹ̀ lọ. Kí o lè rí i dájú:

lspci -k -s 02:00.0

Tí o kò bá rí "Kernel driver in use" lábẹ́ rẹ̀, òun náà ni.

Kí ló wá dé tí kò fi lè sùn, nígbà tí wọ́n pè é, tó sì dá òdo padà? Ibí ni ó yẹ ká fara balẹ̀ sí.

Kernel kì í fi ìpè kan ṣoṣo mú ẹ̀yà sùn. Ìpele mẹ́rin ni: prepare, suspend, late, noirq. Ọmọ ló ń sùn ṣáájú òbí, nítorí òbí ni ọmọ ń gba ọ̀nà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà jíjí, òbí ló ń kọ́kọ́ dìde. Ní ìpele suspend, dírẹ́bà máa ń dá iṣẹ́ dúró, ó ń kó ẹrù rẹ̀ pamọ́. Late wà fún ohun tó bá ṣẹ́ kù. Kí noirq tó bẹ̀rẹ̀, kernel ti ti ilẹ̀kùn IRQ, ẹ̀yà kankan kò tún lè kígbe pe CPU lọ́nà ti tẹ́lẹ̀. Fún ẹ̀yà orí PCI, ìpele ìkẹyìn yìí ni iná ti ń lọ sílẹ̀ ní tòótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sì í ṣe dírẹ́bà ló ń ṣe é. Kóòdù PCI fúnra rẹ̀, nínú drivers/pci/pci-driver.c, iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pci_pm_suspend_noirq, ló ń wo ẹ̀yà náà, tó ń pa àwọn ètò rẹ̀ mọ́, tó sì ń tì í láti D0, níbi tí iná ti kún, lọ sí D3hot tàbí D3cold, àwọn ipò oorun.

Ṣùgbọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń béèrè ni bóyá ẹ̀yà yìí ní dírẹ́bà tó ní ìlànà oorun. Bí kò bá ní, ó ń pa àwọn ètò rẹ̀ mọ́, ó fo gbogbo apá tó ń sọ iná kalẹ̀, ó dá òdo padà. Kernel kò mọ irú ẹni tí ẹ̀yà náà jẹ́, kò sì mọ bóyá yóò jí padà dáadáa tí wọ́n bá pa á, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Lójú tèmi, ìwà ọlọgbọ́n nìyẹn. Àmọ́ àbájáde rẹ̀ fún ọ ni pé err=0 tó wà lójú ìlà kẹrin kò sọ pé "mo ti sùn". Ohun tó sọ ni pé "n kò fọwọ́ kàn án".

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ojú ọ̀sán. Oorun ìgbà iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní runtime PM, tó wọ kernel láti 2.6.32 ní 2009, kì í sọ ẹ̀yà PCI tí kò ní dírẹ́bà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. D0 ló ń fi í sí. Àfi tí afárá (ẹ̀yà òbí rẹ̀ lórí PCI) tó wà lókè rẹ̀ bá sùn, tí iná sì kúrò lára gbogbo ẹ̀ka náà. Nítorí náà, àṣà tí mo ń rí lọ́pọ̀ ibi, pé "fi í sínú blacklist kó má baà jẹ iná", òdìkejì ohun tí wọ́n ń fẹ́ ló sábà máa ń ṣe. Dírẹ́bà ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń tan ẹ̀yà náà, òun kan náà ló mọ bí a ṣe ń pa á. Tí o bá lé e lọ, kò sẹ́ni tí yóò pa iná yàrá náà.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán o. Mú kí kóòdù PCI fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó fi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí. Gẹ́gẹ́ bíi root:

echo 'file pci-driver.c +p' > /sys/kernel/debug/dynamic_debug/control
rtcwake -m freeze -s 60
dmesg | grep 'Suspend power state'

Ìlà keji ń mú kọ̀ǹpútà sùn fún ìṣẹ́jú kan, ó sì ń jí i fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìlà bíi "PCI PM: Suspend power state: D3hot" yóò tò sílẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Fi wé trace rẹ. Ẹ̀yà PCI tó wà nínú trace ní ìpele noirq, tí kò sì ní ìlà kankan níbí, òun ni wọ́n fò. Ó yẹ kí 0000:02:00.0 wà lára wọn. (Tí Secure Boot bá wà ní títàn, kernel lè má gbà kí o kọ nǹkan sínú fáìlì yẹn. Wọ inú BIOS, pa Secure Boot ná, ṣe ìdánwò rẹ, kí o tàn án padà.)

Nǹkan méjì lè dà ọ́ lójú rú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo aláìlálágbàtọ́ ló jẹ̀bi. 0000:00:00.0, fún àpẹẹrẹ, inú CPU ló wà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ni kò ní dírẹ́bà fún un, kò sì sẹ́ni tí ìyẹn ń pa lára. Ẹ̀yà tó ní iṣẹ́ gidi, tó ní ẹ̀ka tirẹ̀ lábẹ́ afárá, ni kí o máa wò. Èkejì, ó ṣeé ṣe kí o rí D0 lójú nvme rẹ, kí àyà rẹ sì já. Fọkàn balẹ̀. Nínú s2idle, dírẹ́bà nvme lè yàn láti fi àṣẹ NVMe fúnra rẹ̀ sọ dísìkì kalẹ̀ sí ipò tó rẹlẹ̀ jù, kó sì sọ fún kóòdù PCI pé kó má fọwọ́ kàn án. Dísìkì ń sùn nínú D0 nìyẹn, afárá tó wà lókè rẹ̀, 1d.0, yóò sì dúró ní D0 tẹ̀lé e. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan mọ ohun tó ń ṣe. Lára 02:00.0, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun s2idle ju ti àtijọ́ lọ nìyí. Nínú oorun tí fáìlì mem_sleep ń pè ní deep, firmware ló ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ kernel ní ìparí, ó sì máa ń gé iná kúrò lára ohun púpọ̀, yálà dírẹ́bà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ṣe é. Nínú s2idle, kò sí irú bàbá bẹ́ẹ̀. Kernel kàn ń dá gbogbo nǹkan dúró, CPU ń lọ sínú ìsinmi tó jinlẹ̀ jù tó bá rí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ Intel fúnra rẹ̀ ń wò ó bóyá gbogbo ará ilé ti sùn. Tí gbogbo wọn bá ti sùn, á gé iná tó kù, ipò S0ix nìyẹn. Tí ẹnì kan bá ṣì ń rìn káàkiri, á dúró dè é. Ẹ̀rọ káàdì kékeré tí kò jẹ ju ìdá díẹ̀ nínú wáàtì lè tipa báyìí dá gbogbo ilé dúró, ohun tó sì ń jẹ wáàtì 2 tó kù ni àwọn tó ń dúró dè é. Láptọ́ọ̀pù rẹ kò ní deep, nítorí náà o kò lè sá lọ síbẹ̀. Ẹ jọ máa bá s2idle lò ó ni.

Ó dára, báwo ni o ṣe lè mọ̀ bóyá ilé sùn? CPU Intel ní aago kan tó ń ka iye àkókò tí gbogbo rẹ̀ fi sùn dé ìsàlẹ̀. Kà á ṣáájú, mú kó sùn fún ìṣẹ́jú 10, kí o tún kà á:

cat /sys/devices/system/cpu/cpuidle/low_power_idle_system_residency_us
rtcwake -m freeze -s 600
cat /sys/devices/system/cpu/cpuidle/low_power_idle_system_residency_us

Ìṣẹ́jú 10 jẹ́ 600,000,000 lójú aago yìí. Tí ìyàtọ̀ bá sún mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà sùn. Tó bá jẹ́ òdo, kò sùn rárá, ohun yòówù kí err=0 máa wí. Mo ń retí pé òdo ni wàá rí nísinsìnyí. Èyí ni ó yẹ kó jẹ́ ìdánwò àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ bátìrì òru, ṣáájú trace, ṣáájú àwòrán, ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàdì Wi-Fi bí èmi aláìgbọ́n ìjọ́sí. Tó bá kún, tí bátìrì sì ń tán síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà tí à ń pè, ó ti di ti pátákó ẹ̀rọ tàbí ti firmware, trace kò sì ní ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o lọ sínú /etc/modprobe.d, yọ ìlà blacklist yẹn, tún initramfs rẹ (àpò fáìlì tí Linux kọ́kọ́ ń gbé nígbà tó bá ń tàn) ṣe, kí o tan kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀rọ káàdì tó wọ́pọ̀, rtsx_pci ni dírẹ́bà tí wàá rí lójú lspci. Tún trace kan náà ṣe. Ní ìpele noirq, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹ kó ti yí padà láti pci sí rtsx_pci, dmesg yẹ kó sì ní ìlà D3hot tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, tún aago ìṣẹ́jú 10 yẹn wò. Tí o bá kórìíra ẹ̀rọ káàdì náà débi pé o kò fẹ́ rí i rárá, inú BIOS ni kí o ti pa á, níbi tí iná kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yà kan tún lè wà tí o kò ní rí orúkọ rẹ̀ ní ìpele suspend, late àti noirq nínú trace oorun lẹ́yìn èyí. Má ṣe rò pé ó sá. Bí ẹ̀yà kan bá ti ń sùn tẹ́lẹ̀ nínú runtime PM, kernel lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má jí i láti tún un mú sùn, ìpè suspend, late àti noirq yóò sì fò ó kọjá. Nítorí náà, àìsí orúkọ níbẹ̀ lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀, wíwà orúkọ pẹ̀lú òdo sì lè jẹ́ àìfọwọ́kàn. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí gàdàgbà gadagba síwájú gbogbo ẹ̀kọ́ ftrace.

Àárọ̀ sí ọ̀sán ńkọ́, tí o fi bátìrì ṣiṣẹ́? Níbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ tí o tàn tẹ́lẹ̀ kò wúlò, nítorí kọ̀ǹpútà kò sùn. Ẹbí rpm, ti runtime PM, ni kí o tàn:

cd /sys/kernel/tracing
echo 1 > events/rpm/enable
cat trace_pipe

Lọ jókòó, má fọwọ́ kan nǹkan kan, jẹ́ kó kọ fún ìṣẹ́jú kan. Ìlà rpm_suspend àti rpm_idle á fi orúkọ ẹ̀yà hàn, pẹ̀lú cnt, iye àwọn tó sọ pé àwọn ń lò ó. Auto, bóyá wọ́n gbà á láyè láti máa sùn fúnra rẹ̀. Àti child, iye ọmọ rẹ̀ tó ṣì jí. Ìlà rpm_return_int ló wá ń dá ẹjọ́, èyí sì dùn ju err=0 lọ, nítorí níbí ni kernel ti ń sọ ìdí tí ó fi kọ̀. ret=-11 pẹ̀lú cnt tó ju òdo lọ: ẹnì kan di ẹ̀yà náà mú. Tí auto bá jẹ́ 0 pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíì, "on" ló wà nínú fáìlì power/control rẹ̀. Bí PCI ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àfi tí dírẹ́bà tàbí ìwọ bá sọ ọ́ di "auto". ret=-16: ọmọ rẹ̀ kan ṣì jí, lọ bá ọmọ náà wí, fi òbí sílẹ̀. ret=-13: wọ́n ti pa runtime PM fún un pátápátá, cnt kọ́ ni kí o wò, dep (iye ìgbà tí wọ́n pa á) ni. ret=-22 ló burú jù, ó ti ṣe àṣìṣe kan tẹ́lẹ̀, kernel sì ti ń dì í sínú láti ìgbà náà; kò ní gbà kó sùn mọ́ títí wọn yóò fi tún ipò rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn tí dírẹ́bà bá ti padà, kọ "auto" fún ẹ̀rọ káàdì náà:

echo auto > /sys/bus/pci/devices/0000:02:00.0/power/control

Kí o sì máa wo runtime_status tó wà nínú fódà kan náà. Ó yẹ kó di suspended láìpẹ́, tí káàdì kò bá sí nínú rẹ̀.

O kò bi mí nípa ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà lóru, ṣùgbọ́n nínú s2idle, ó tọ́ kí o wò ó. Tan events/power/suspend_resume, kí o sì kọ "boot" sínú trace_clock kí àkókò tó fi sùn má baà pa rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Oorun kan tó dára ní machine_suspend[1] begin kan àti end kan. Tí o bá rí ogójì nínú oorun kan ṣoṣo, nǹkan kan ń ta ẹ̀rọ náà jí, kernel ń wò ó, ó ń rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi, ó ń padà sùn, láìjẹ́ pé ojú ìwòran tàn kí o lè mọ̀. /sys/power/pm_wakeup_irq á fún ọ ní nọ́ńbà IRQ tó jí i nínú oorun tó sùn kẹ́yìn, wá a nínú /proc/interrupts. Tó bá jẹ́ 9, ACPI ni, ìyẹn ìdérí, bọ́tìnì, tàbí bátìrì fúnra rẹ̀ tó ń kéde pé òun ti dín kù. Bátìrì tó ń jí ẹ̀rọ láti sọ pé òun ń tán, mo ti rí i rí o.

Fún àwọn tí tiwọn kì í jí mọ́ rárá, tí ojú dúdú nìkan ni wọ́n ń rí: trace inú àyè ìrántí kò wúlò fún wọn, nítorí pípa tí wọ́n bá pa á ló ń nù ún dànù. Kí wọ́n lọ bá /sys/power/pm_test, tó ń mú ẹ̀rọ sùn dé ìpele kan ṣoṣo, dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, tó sì ń padà. Ibi tó bá ti há nínú freezer, devices tàbí platform ló ní ẹjọ́. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pm_trace. Inú aago kọ̀ǹpútà ló ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, òótọ́ ni pé àrà gidi ni, ṣùgbọ́n nígbà tó bá jí, ọjọ́ àti ọdún rẹ á ti di ohun tó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ padà sí mi ni nọ́ńbà aago oorun méjì, ṣáájú yíyọ blacklist àti lẹ́yìn rẹ̀, oorun ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ìlà noirq ti 0000:02:00.0 tuntun kún un, àti iye tó wà nínú /sys/class/power_supply/BAT0/energy_now ní aago 11 alẹ́ àti aago 7 àárọ̀. Tí BAT0 rẹ kò bá ní energy_now, charge_now ni kí o kà. Tí aago náà bá ṣì wà ní òdo pẹ̀lú dírẹ́bà nídìí iṣẹ́, fi gbogbo ìlà 2,000 yẹn ránṣẹ́, ká wá ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ mìíràn.